Náírà mélòó sí dọ́là kan ló dára jù fún ìlú tó ń jẹun nínú ọjà títà sókè òkun?

Kò sí iye kan pàtó. Iye tó dára ni èyí tí ọjà fúnra rẹ̀ ń ná, tí kì í sì í fò sókè-sódò.

Ẹ wo kòkó Ilé-Ifẹ̀. Owó òkè òkun, bíi dọ́là, ni wọ́n fi ń ná an lọ́jà àgbáyé. Ká ní tọ́ọ̀nù kan (àpò 16, kílò 62.5 lọ́kọ̀ọ̀kan) jẹ́ dọ́là 5,000. Bí dọ́là bá jẹ́ ₦1,500, ₦7,500,000 nìyẹn. Oníṣòwò tó bá ra kòkó ní iye yẹn láti tà á sókè òkun, tí náírà sì ti lágbára dé ₦1,300 kí owó tó wọlé, ti pàdánù mílíọ̀nù kan lórí tọ́ọ̀nù kan ṣoṣo. Ìfòsókè-sódò yìí ló ń pa wọ́n jù.

Náírà tó já wálẹ̀ ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀ ni. Oògùn tí wọ́n ń fín kí èso kòkó má baà dúdú jẹrà lákòókò òjò, táyà ọkọ̀ tó ń kó o lọ sí Apapa, òkè òkun ni púpọ̀ wọn ti ń wá, àwọn náà á sì wọ́n sí i.

Iye méjì, ti ìjọba àti ti ọjà dúdú, tún burú: ẹni tó bá ta dọ́là rẹ̀ fún báńkì ní iye ìjọba tó kéré ló ń jìyà. Ìdí nìyẹn tí ìyípadà oṣù Kẹfà 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ní kí ọjà fúnra rẹ̀ máa ná dọ́là, fi pọn dandan.