Irun Gígùn Lórí Òrùka Èdìdì Ọba Childeric

Ìbéèrè: Mo rí àwòrán òrùka èdìdì ọba Faransé àtijọ́ kan, Childeric. Irun ọba náà gùn dé èjìká méjèèjì, ó sì mú ọ̀kọ̀ dání. Ṣé oge lásán ni irun yẹn?

Ìdáhùn: Kì í ṣe oge rárá. Ní ìdílé Childeric, irun ni adé. Ẹ̀yà Frank ni wọ́n, ẹni tí wọ́n bá sì bí sí ìdílé ọba kì í gé irun rẹ̀. Tí wọ́n bá fá a lórí, ó ti kúrò lára àwọn tí oyè tọ́ sí, àfi bí irun náà bá tún hù. Gregory, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Tours, ròyìn pé nígbà tí Childebert àti Chlothar, ọmọ-ọmọ Childeric, fẹ́ gba ogún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn tó ti kú, wọ́n rán ẹnìkan sí Clotilde, ìyá tó bí àwọn fúnra wọn, pẹ̀lú àlùmọ́gàjí àti idà, pé kí ó mú ọ̀kan fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ìyá àgbà fèsì pé bí wọn kò bá ní jọba, ó sàn kí òun rí òkú wọn ju kí òun rí wọn pẹ̀lú orí fífá. Wọ́n pa méjì. Ẹ̀kẹta, Chlodoald, bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ gé irun rẹ̀, ó sì di àlùfáà. Ní 751, tí Pepin gbàjọba lọ́wọ́ Childeric Kẹta, ọba ìkẹyìn nínú ìdílé náà, wọ́n fá a lórí, wọ́n sì fi í sí ilé àwọn mọ́ńkì.

Ọ̀kọ̀ àti ẹ̀wù ogun ní tiwọn, ìmúra ọ̀gágun Róòmù ni. Èdè Látìn náà ni wọ́n kọ yí i ká: CHILDIRICI REGIS, “ti ọba Childeric”, wọ́n fín in ní òdì kí ó lè ṣeé kà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìda. Childeric, tó kú ní nǹkan bí 481, ti bá àwọn ará Róòmù jagun pọ̀ ní Gaul, ilẹ̀ tó di Faransé lónìí. Ará Róòmù tó bá gba lẹ́tà rẹ̀ yóò rí ọ̀gágun, Frank yóò rí ọmọ ọba. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n èdìdì náà wà.

Ní 1653 ni òṣìṣẹ́ kan tó ń gbẹ́ ilẹ̀ nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Brice ní Tournai, ní Bẹ́ljíọ̀mù òde òní, kan ibojì ọba náà. Jean-Jacques Chifflet, oníṣègùn gómìnà ilẹ̀ náà, tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1655, ó sì fi àwòrán àwọn ohun tí wọ́n hú sínú rẹ̀. Ọpẹ́ ni fún un, nítorí àwọn olè jí òrùka náà kó ní Paris ní 1831, a kò sì rí i mọ́.

Ṣùgbọ́n Chifflet sọ àsọdùn lórí kòkòrò oyin wúrà tó lé ní 300 tí wọ́n bá nínú ibojì náà. Ó ní láti ara wọn ni òdòdó lílì tó jẹ́ àmì àwọn ọba Faransé ti wá, èyí tí kò ní ẹ̀rí kankan lẹ́yìn. Síbẹ̀ Napoleon, olú-ọba Faransé, rí oyin náà lò: òun ló fi ṣe ọ̀ṣọ́ sára aṣọ ìgúnwà rẹ̀ ní 1804, torí ó ń wá àmì ọba tó ti wà ṣáájú lílì àwọn Bourbon, ìdílé tó jọba ní Faransé ṣáájú rẹ̀.