Ṣé olórí lè purọ́ fún ará ìlú kí ìlú má baà dàrú?

ÌBÉÈRÈ: As-salaamu alaykum, ààfáà wa. Oníwàásí kan sọ fún wa pé bí àpò ìjọba bá ṣófo, tàbí tí ìyàn ń bọ̀, olórí lè sọ fún ará ìlú pé kò séwu. Ó ní Ànábì fàyè gba irọ́ níbi mẹ́ta, àti pé olórí tó bá la òótọ́ tó korò sílẹ̀, fítínà ló ń dá sílẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, sà?

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu s-salaam wa rahmatullah. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Haráámù ni. Mo sì fẹ́ tú u wò dáadáa, nítorí kì í ṣe ẹnu rẹ̀ nìkan ni mo ti gbọ́ ọ; àwọn ààfáà tó ń jẹun lọ́dọ̀ olóṣèlú ló sọ ọ́ di wáàsí.

Hádíìsì ibi mẹ́ta yẹn, tí Umm Kulthum ọmọ Uqbah gbà wá, wà lóòótọ́: ojú ogun, ìlàjà láàárín ẹni méjì, àti ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Ta ló wá fi ìkẹrin kún un? Ọ̀tá ni wọ́n ń tàn lójú ogun. Amánà ni ará ìlú jẹ́ lọ́wọ́ olórí, wọn kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Àwa tí à ń tẹ̀lé ìlànà Imam Malik rí i nínú Muwatta, ìwé hádíìsì rẹ̀, pé ọkùnrin kan bi Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bóyá òun lè purọ́ fún ìyàwó òun. Ó dá a lóhùn pé kò sí oore nínú irọ́. Bí ọ̀rọ̀ inú yàrá bá le tó báyìí, ti odindi ìlú ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ lọ sójú ogun tí oníwàásí yín fi ń ṣe ẹ̀rí. Kaʿb ọmọ Malik, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, sọ, ó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari àti ti Muslim, pé bí Ànábì bá fẹ́ jáde sógun, ó máa ń sọ̀rọ̀ lọ́nà tí wọn yóò fi rò pé ibòmíràn ló ń lọ. Àfi ti ogun Tabuk, ní ọdún 9 lẹ́yìn hijira. Ooru mú, ọ̀nà jìn, ọ̀tá pọ̀, èso sì ti pọ́n nílé, òjìji wu gbogbo èèyàn. Ìgbà yẹn gan-an ló la gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n lè múra. Ìgbà tí ìnira pọ̀ jù ni kò fi nǹkan kan bò! Ṣé àwọn kan ò kùn? Wọ́n kùn. Àwọn munáfíkì, àwọn alágàbàgebè, ní, "Ẹ má ṣe jáde nínú ooru" (Tawbah, āyà 81). Kò torí ìyẹn pa ọ̀rọ̀ dà. Ta ni yóò wá pe èyí ní fítínà?

Mi ò sọ pé kí olórí tú gbogbo àṣírí síta o. Ibi tí àwọn ọmọ ogun wà, ó lè dákẹ́ lórí rẹ̀. Dídákẹ́ ọ̀tọ̀, irọ́ ọ̀tọ̀.

Wọ́n á ní ó di dandan fún olórí láti purọ́. Dandan wo? Ọba tó ń purọ́ wà lára àwọn mẹ́ta tí Ọlọ́hun kò ní bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àlìkíyámọ̀, nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá. Qadi Iyad, ọ̀kan nínú àgbà onímọ̀ Malikiyyah, ṣàlàyé pé ohun tó mú ẹ̀ṣẹ̀ wọn wúwo ni pé kò sí ohun tó ń tì wọ́n sí i.

Òótọ́ tí wọ́n ń sá fún jù ni pé ará ìlú náà lọ́wọ́ nínú ìbàjẹ́: ẹni tó ń dín òṣùwọ̀n, ẹni tó ń gba rìbá. Kí olórí sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ wo Umar, kálífà kejì lẹ́yìn Ànábì. Nígbà ìyàn, ó búra pé òun kò ní jẹ ọ̀rá wàrà mọ́ títí ará ìlú yóò fi rí ìtura. Ẹni tí ikùn rẹ̀ kún, tó ní kí àwọn yòókù fara dà á, ta ni yóò gbọ́ tirẹ̀?

Ní ti oníwàásí yín, ẹ má bá a jà ní mọ́sálásí. Ẹ lọ bá a nílé, ẹ ka hádíìsì Kaʿb fún un. Bó bá kọ̀, ìrun yín lẹ́yìn rẹ̀ ṣì ṣe. Wáàsí yẹn nìkan ni kí ẹ má ṣe tẹ̀lé.