Ta ló ń gbé ọkọ̀ rẹ lọ, ìwọ ni àbí ìgbì?

Àbúrò mi, o ní o gbé báàjì kan, ọkọ̀ ojú omi pẹrẹsẹ tó ń kó ẹrù, sínú OrcaFlex, sọ́fítíwíà tó ń ṣírò bí ọkọ̀ àti okùn ṣe ń ṣe lórí òkun. O fi agbára 200 kN (kilonewton) tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò mira. O wá yí Primary motion kúrò ní Prescribed sí Calculated 6 DOF (kí sọ́fítíwíà fúnra rẹ̀ ṣírò ìrìn ọkọ̀ ní ọ̀nà mẹ́fà), báàjì mira lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ga ju ìgbì tó gbé e lọ. O ní àfi bíi pé sọ́fítíwíà ló bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o. Ohun tó ṣe ọ́ yìí ṣe èmi náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló gbà lọ́wọ́ mi.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tí kò mira. Wo ìyá tó pọn ọmọ, tó ń lọ sí Tàkíé. Ibi tí ìyá bá kọrí sí ni ọmọ ń lọ, bó ti wù kó máa tapá tó. Ìrìn ìyá ni Primary motion. Bí ọmọ ṣe ń mì lẹ́yìn rẹ̀ ni Superimposed motion. Nígbà tí o yan Prescribed, ìwọ fúnra rẹ lo ti là á sílẹ̀ bí ọkọ̀ yóò ṣe rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò tún ní gbọ́ ti agbára kankan mọ́. 200 kN ni o, 2,000 kN ni o, bákan náà ni. Inú Calculated nìkan ni agbára tí o kọ sílẹ̀ ti ń rí nǹkan ṣe.

Èyí tó ń ga jù ló wà lọ́kàn mi jù. Mo ń gbé ní Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún mi láti ilé iṣẹ́ kan ni báàjì tí okùn ìdákọ̀ró mẹ́rin dì mú. Alaalẹ́ ni mo ń ṣe é, nígbà tí iná bá dúró. Agbára tó ń fa okùn pọ̀ ju ohun tí okùn lè gbà. Mo pààrọ̀ okùn sí èyí tó nípọn jù ú lọ, kò tó. Mo tún pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti kọ ìwé pé kí wọ́n ra okùn ńlá kí ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ tó pè mí, ó bi mí pé: “Tí ìgbì bá gùn gan-an, mélòó ni báàjì rẹ ń gòkè?” Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò rí.

Mo fi ìgbì tó ga ní mítà 2 láti ìsàlẹ̀ dé òkè sí i, ìṣẹ́jú àáyá 30 láàárín ìgbì kan sí èkejì. Nínú omi jíjìn, irú ìgbì bẹ́ẹ̀ gùn tó nǹkan bí mítà 1,400. Báàjì tí kò ju mítà 60 lọ dà bí igbá lórí Odò Ọbà níbẹ̀: bí omi bá gòkè ní mítà 1, kí òun náà gòkè ní mítà 1. Tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ gòkè ní 2. Ojú tì mí.

Ohun tó fà á nìyí. RAO, ìyẹn tábìlì tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń mì nínú ìgbì kọ̀ọ̀kan, ló wà ní Superimposed motion; èsì ohun tí ìgbì ti ṣe sí ọkọ̀ ni. Nígbà tí mo yan Calculated, tí mo tún tan Wave load 1st order (agbára tí ìgbì fi ń ti ọkọ̀), ìgbì kan náà tún tì í lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, mú ọ̀kan. Tí okùn tàbí agbára ẹ̀gbẹ́ bá lè yí ìrìn ọkọ̀ padà, bíi ti báàjì kékeré, jẹ́ kí Calculated ṣe gbogbo rẹ̀, kí Superimposed wà ní None. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ńlá tí okùn kò lè fà síbì kan, RAO tó, ó sì yá ju èkejì lọ. O lè da méjèèjì pọ̀ o: kí Calculated máa gbé ìsúnkiri díẹ̀díẹ̀, kí RAO máa gbé ti ìgbì. Ṣùgbọ́n nígbà náà, pa Wave load 1st order.

Yẹ RAO fúnra rẹ̀ wò pẹ̀lú. Àwọn kan ń kọ phase, ìyẹn àsìkò ìmì ọkọ̀ sí ti ìgbì, bíi lag (ó ń tẹ̀lé ìgbì), àwọn kan bíi lead (ó ń ṣáájú rẹ̀). Heave (bí ọkọ̀ lódindi ṣe ń gòkè sọ̀kalẹ̀) kò ní tú àṣírí rẹ̀, torí phase rẹ̀ sún mọ́ 0 nínú ìgbì gígùn. Pitch (bí imú ọkọ̀ ṣe ń gbéra tí ìdí rẹ̀ ń rẹlẹ̀) ni kí o wò: tí ìgbì bá ń bọ̀ láti iwájú, kí imú ọkọ̀ gbéra kí orí ìgbì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí imú bá ń rì sínú ìgbì tó ń bọ̀, o ti yí i sódì.

Ti agbára tí o fẹ́ kọ: ìwọ̀n ẹrù máa ń dojú kọ ilẹ̀ nígbà gbogbo, Global ni. Agbára ẹ̀rọ tó wà lára ọkọ̀ a máa bá ọkọ̀ yí, Local ni. Tọ́ọ̀nù 100 kì í ṣe 100 kN, 981 kN ni. Ẹrù tí o bá sì kọ bí agbára lásán kò ní inertia (bí ohun tó wúwo ṣe ń lọ́ra láti yí ìrìn rẹ̀ padà), bí ọkọ̀ bá ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìṣirò kò ní mọ̀ pé nǹkan wúwo wà lókè. Fi kún mass ọkọ̀ tàbí kí o lo 6D buoy, ohun kan nínú OrcaFlex tó ní ìwúwo tirẹ̀.

Àwọn èèyàn máa dúró lórí báàjì yẹn, okùn tí a ṣírò sì ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Nítorí náà, lálẹ́ òní, pa ìgbì pátápátá, fi 1,200 kN tẹ̀ ẹ́ láti òkè ní àárín. Tí báàjì rẹ bá jẹ́ mítà 60 sí 20 lórí omi òkun, ó gbọ́dọ̀ rì ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Lẹ́yìn náà, ṣe ti ìgbì ìṣẹ́jú àáyá 30, kí o sì kọ nọ́ńbà méjèèjì síbí fún mi.