Kí ẹ tó da òkúta sí bèbè odò yẹn

Mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní odò kékeré tó gba ẹ̀yìn ilẹ̀ yín kọjá ti jẹ tó mítà 2 nínú bèbè láàárín ọdún méjì, àti pé ìyanrìn ti dí ibú tí ẹja ń gbé tẹ́lẹ̀. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ to òkúta ńláńlá sí etí rẹ̀, kí ẹ sì fi katapílà kó ìyanrìn náà kúrò. Ohun méjèèjì yẹn ni mo ṣe. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ba odò tèmi jẹ́, mo sì ti lo ọdún mẹ́fà lórí àtúnṣe rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ dúró ná.

Òkúta ni mo kọ́kọ́ gbẹ́kẹ̀ lé. Níbi kọ́nà odò, omi a máa fi gbogbo agbára rẹ̀ lu bèbè ẹ̀gbẹ́ òde, ibẹ̀ la sì to òkúta sí. Ó ga, ó dùn ún wò. Odò kún lẹ́ẹ̀mẹta, òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Omi kò bá wọn jà lójú. Abẹ́ wọn ló gbà, ó ń gbẹ́ ẹsẹ̀ bèbè díẹ̀díẹ̀ títí òkúta fi ń yọ̀ bọ́ sínú ihò tó gbẹ́. Èyí tó dùn mí jù ni ti aládùúgbò mi tí ilẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tèmi. Agbára tí omi kò rí lò lórí ilẹ̀ mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló gbé e lọ. Igi mẹ́ta ló wó lulẹ̀ ní bèbè tí kò tíì jẹ rí. Mo lọ bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà, ṣùgbọ́n igi ti lọ.

Ti katapílà tún wá burú ju ìyẹn lọ. Ẹni tí mo gbé iṣẹ́ fún ní kí òun na odò tààrà, kí òun kó ìyanrìn inú rẹ̀, kí omi lè máa yára kọjá. Ó bọ́gbọ́n mu létí mi nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n bí odò tó ń yà sọ́tùn-ún yà sósì bá di tààrà, ọ̀nà tó ń rìn á kúrú, ibi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ àti ibi tó ń sọ̀ kalẹ̀ dé kò sì yí padà. Ó ti di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nìyẹn, omi á sì máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà kan, Emory Lane, ló là á yé àwọn èèyàn ní 1955 pé bí òṣùwọ̀n alápá méjì ni odò rí. Iye iyẹ̀pẹ̀ tó ń gbé àti bí hóró rẹ̀ ṣe tóbi tó wà ní apá kan, iye omi àti bí ọ̀nà rẹ̀ ṣe dà gẹ̀rẹ́ tó wà ní apá kejì. Bí apá kan bá wúwo jù, odò á wá ohun tí yóò fi mú méjèèjì dọ́gba, inú ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti bèbè rẹ̀ ni yóò sì ti wá a. Èmi mú kí ọ̀nà rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ sí i, mo tún kó ìyanrìn tó yẹ kó máa gbé kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ebi wá ń pa odò náà, ó ń jẹ ilẹ̀.

Níbi tí a gbẹ́ dé, ìsàlẹ̀ odò já wálẹ̀ lójijì bí àtẹ̀gùn kan tó ga dé orúnkún. Àtẹ̀gùn yẹn kò dúró sójú kan. Lẹ́yìn òjò ńlá kọ̀ọ̀kan, ó ń gòkè odò lọ, ó ń kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀. Ibi tó bá ti kọjá á jìn, bèbè méjèèjì á ga ju ohun tí ẹsẹ̀ wọn lè gbé, wọ́n á wó. Ilẹ̀ tó wó yẹn ló di ìyanrìn tó tún lọ dí ibú nísàlẹ̀.

Kì í ṣe odò kékeré nìkan lèyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Láàárín 1962 sí 1971, wọ́n na odò Kissimmee ní Florida, tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 166, di kòtò tààrà tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà 90 lọ. Àbàtà gbẹ, ẹyẹ omi sá lọ. Ní 1999 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dí apá kan kòtò náà kí omi lè padà sí ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́, iṣẹ́ ìkọ́lé yẹn kò sì parí títí di 2021.

Nítorí náà, ẹ rìn gòkè odò kí ẹ tó náwó. Bó bá jẹ́ bèbè òde kọ́nà nìkan ló ń jẹ, tí ìyanrìn sì ń kó jọ ní ẹ̀gbẹ́ inú, iṣẹ́ odò gan-an ni ìyẹn, ẹ fún un láyè bí ilẹ̀ yín bá gbà á. Ṣùgbọ́n bí bèbè méjèèjì bá ń wó, tí gbòǹgbò igi ń rọ̀ sínú afẹ́fẹ́, tí ẹsẹ̀ afárá tó ti wà nínú ilẹ̀ wá yọ síta, ìsàlẹ̀ odò ló ń jìn. Òkúta etí odò kò lè ran ìyẹn. Nígbà tí mo rìn tèmi, mo bá ilẹ̀ kan tí wọ́n ti ro dé etí omi láìku igi kan, mo sì bá páìpù kan tó ń da àgbàrá òrùlé àti títì ọlọ́dà sínú odò. Àṣé a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fura sí. Ìgbà tí odò kún dẹ́nu kọ́ ni bèbè sábà máa ń wó. Ìgbà tí omi bá ń fà ni. Omi á ti wọnú iyẹ̀pẹ̀ bèbè, á rin gbingbin, á wúwo. Bí odò bá wá fà kíákíá, omi tó fara ti bèbè níwájú á kúrò, èyí tó wà nínú rẹ̀ kò sì tíì jáde. Òru ni mo sábà máa ń gbọ́ ọ, gbì, nígbà tí òjò ti dá tipẹ́.

Àtúnṣe wa, láti òkè ló ti bẹ̀rẹ̀. A gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó omi. Onílẹ̀ òkè gbà kí a fi mítà 10 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìro ó, a sì gbẹ́ kòtò fífẹ̀ tí kò jìn sẹ́nu páìpù yẹn kí àgbàrá lè dúró, kó mu sínú ilẹ̀. Lẹ́yìn náà la tó kojú àtẹ̀gùn. A to òkúta dábùú ìsàlẹ̀ odò, a rì wọ́n mọ́lẹ̀ dáadáa, a jẹ́ kí àárín rẹlẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ kí omi lè máa gba àárín, a sì fi wọ́n ṣe gẹ̀rẹ́ tí ẹja lè gùn. A gé bèbè tó dúró ṣánṣán kó lè dẹ̀. A ri kùkùté igi sí ẹsẹ̀ rẹ̀, gbòǹgbò wọn kọjú somi.

Ẹ̀ka tútù tó ń hù bí a bá gún un mọ́lẹ̀ la fi bo ojú rẹ̀, láti ara igi tó ti ń hù ní bèbè tó dúró ṣinṣin lókè. Ọdún àkọ́kọ́, ó lé ní ìdajì tó kú, nítorí a gún wọn sókè jù, gbòǹgbò wọn kò bá ilẹ̀ tútù nígbà tí ọ̀dá dé. Lẹ́ẹ̀kejì, a fi irin lu ihò kó jìn dé ibi tí iyẹ̀pẹ̀ ti tutù kí a tó ki ẹ̀ka bọ̀ ọ́. Àwọn yẹn ló dúró.

Ní ti ibú yín, ẹ má gbẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ẹja inú odò ṣíṣàn ń yé ẹyin sáàárín òkúta wẹ́wẹ́, níbi tí omi ti ń gba àárín wọn kọjá tó sì ń gbé atẹ́gùn tí ẹyin ń mí wá. Bí ẹrẹ̀ àti ìyanrìn kíkúnná bá dí àlàfo yẹn, ẹyin á kú síbẹ̀. Katapílà á sì kó òkúta wẹ́wẹ́ náà pọ̀ mọ́ ìyanrìn. Bí ìyanrìn tó ń wá láti òkè bá dínkù, odò fúnra rẹ̀ á gbẹ́ ibú rẹ̀, pàápàá bí igi bá wó sínú rẹ̀ tí ẹ kò sì fà á jáde. Ní odò olókùúta wẹ́wẹ́, láti ibú kan dé èkejì sábà máa ń tó ìlọ́po 5 sí 7 bí odò ṣe fẹ̀ tó. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ ó mọ ibi tó yẹ kí ẹ máa retí wọn. Ọdún kẹta ni ibú tèmi padà, ọdún kẹrin ni mo rí ọmọ ẹja níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ gún ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́wàá wọnú bèbè ní ìbúlẹ̀, orí wọn kó bá ojú bèbè dọ́gba. Ẹ kun ogójì òkúta ìsàlẹ̀ odò ní ọ̀dà pupa, ẹ dá wọn padà síbi tí ẹ ti mú wọn. Lẹ́yìn tí odò bá kún tó sì fà, ẹ wọn iye irin tó yọ síta, kí ẹ wo òkúta tó ṣí kúrò. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mi, kí ẹ sì jẹ́ kí n mọ̀ bóyá ẹ̀gbẹ́ kan ló ń wó tàbí méjèèjì.