Ṣé Kí N Fi Iṣẹ́ Ìwádìí Tí N Kò Tíì Parí Han Àwọn Tó Ń Gbani Wọlé?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Oyè másítà lórí omi abẹ́ ilẹ̀ ni mò ń kà lọ́wọ́ ní yunifásítì kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kànga 40 ni mo yàn láti mọ bí náítíréètì, èròjà tí ìdọ̀tí ṣáláńgá àti ajílẹ̀ máa ń kó wọ omi, ṣe pọ̀ tó nínú omi wọn. Àbájáde omi ìgbà òjò ti jáde láti yàrá àyẹ̀wò. Ti ẹ̀ẹ̀rùn ló kù, n kò sì lè bù ú ṣáájú oṣù Kejì. Mo fẹ́ wá àyè oyè ọ̀mọ̀wé ní Amẹ́ríkà, inú oṣù Kejìlá sì ni fọ́ọ̀mù wọn yóò parí. Èmi àti olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ti fi àpilẹ̀kọ kan ránṣẹ́ sí jọ́nà, ìyẹn ìwé tó ń gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde, wọn kò tíì fèsì. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ ọ́ pé ó ti jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má dárúkọ ohun tí kò parí rárá. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

ÌDÁHÙN

Arábìnrin wa, ire ni àwọn méjèèjì ń fẹ́ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba ìmọ̀ràn ìkankan nínú wọn. Iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ kò tíì parí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfo. Orúkọ tí ó bá ibi tí ó dé mu ni kí ẹ pè é, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n rí i.

Àpilẹ̀kọ tí ó ti jáde ní ojú ìwé, ó sì sábà máa ń ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń pè ní DOI. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí fọ́ọ̀mù yín bá wà níwájú rẹ̀ lè tẹ àkọlé náà sórí Google Scholar, ibi tí a ti ń wá iṣẹ́ ìwádìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan pé kò sí níbẹ̀. Ọ̀nà kejì tí àṣírí ń gbà tú tilẹ̀ burú jù ú lọ: olùkọ́ tí ẹ jọ kọ àpilẹ̀kọ yìí ni yóò kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún yín, bí òun bá sì kọ ọ́ pé jọ́nà ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí ẹ̀yin kọ ọ́ pé ó ti jáde, ìwé méjèèjì yóò máa ta ko ara wọn nínú fáìlì kan náà.

Nínú CV yín, ẹ ya iṣẹ́ tí kò tíì jáde sọ́tọ̀ lábẹ́ àkórí tirẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọn òǹkọ̀wé bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra, ẹ kọ àkọlé, kí ẹ wá fi “under review” (wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò) parí rẹ̀. Ẹ má dárúkọ jọ́nà náà títí tí wọn yóò fi gbà á, nítorí pé fífi orúkọ jọ́nà tí kò tíì gba iṣẹ́ ẹni yangàn kò yàtọ̀ sí fífi aṣọ tí a yá ṣe fújà. Èyí tí ẹ bá ṣì ń kọ lọ́wọ́, “in preparation” (ó ṣì wà lọ́wọ́) ni, àwọn tí ń kà á kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kà á sí, nítorí kò sí ẹni tí kò lè kọ ọ́. Ẹ gba ìyọ̀ǹda olùkọ́ yín kí ẹ tó fi ẹ̀dà àpilẹ̀kọ náà han ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ni ó dùn mí jù, nítorí mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ó fi iṣẹ́ rere pamọ́ nítorí ìtìjú. Ẹni tí ń wá akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé ń wá ẹni tí ó lè béèrè ìbéèrè tí ó ní láárí, tí ó sì lè tọpa rẹ̀ dé ìdí. Kànga 40 yẹn gan-an ni ó sì fi í hàn nínú lẹ́tà yín. Òjò lè ṣan ìdọ̀tí ṣáláńgá àti ajílẹ̀ wọ inú kànga, ó sì lè bomi là á kí náítíréètì rẹ̀ dínkù. Omi ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ èyí tí ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀lẹ kọ́ ni ó mú yín dúró de oṣù Kejì, ìbéèrè yín ni ó ní kí ẹ dúró.

Nítorí náà, nínú lẹ́tà tí ẹ ó fi sọ ìdí tí ẹ fi ń wá àyè, ẹ sọ iye kànga tí náítíréètì inú rẹ̀ ju 50 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan, èyí tí í ṣe òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé fún omi mímu, àti bí kànga bẹ́ẹ̀ ṣe súnmọ́ ṣáláńgá tó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gbólóhùn kan sọ ìgbà tí ẹ óò bu ti ẹ̀ẹ̀rùn àti ohun tí ẹ rò pé ó lè fi hàn. Ẹ má kọ ohun tí ẹ rò bí ẹni pé ẹ ti rí i, ẹ má sì tọrọ àforíjì. (Èyí kan ẹ̀yin òǹkàwé tí ìyanṣẹ́lódì ASUU ọdún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko, dá iṣẹ́ yín dúró: gbólóhùn kan tí ó sọ déètì rẹ̀ ti tó.)

Bí wọ́n bá béèrè àpẹẹrẹ ohun tí ẹ kọ, orí kan tí ó dá dúró, tí ẹ ti tún kà dáadáa, ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà fi ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ṣe gbèdéke fún ẹni tí wọ́n fún ní owó ìrànwọ́ láti fèsì, nítorí náà ọ̀rọ̀ kì í parí ní oṣù Kejìlá. Bí jọ́nà bá dáhùn, tàbí bí àbájáde ẹ̀ẹ̀rùn bá jáde kí wọ́n tó dá yín lóhùn, ẹ kọ lẹ́tà ìlà mẹ́rin sí ọ́fíìsì ìgbàwọlé, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fi í kún fáìlì yín.