Wọ́n kọ 7/25 sábẹ́ àwòrán bàbá mi: ṣé ayédèrú ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Bàbá mi tó ti dolóògbé fi àwòrán kan sílẹ̀ sí pálọ̀ wa ní Oǹdó. Wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ 7/25 àti orúkọ ayàwòrán sábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan tó fẹ́ rà á ní ẹ̀dà lásán ni, pé ojúlówó kì í ní nọ́ńbà. Ṣé òótọ́ ni? Dígí rẹ̀ ti fọ́, mo sì fẹ́ gbé e lọ fún oníférémù ní Àkúrẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tà á. Nọ́ńbà yẹn kò sọ ọ́ di ayédèrú rárá. Ohun tó ń sọ ni pé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ayàwòrán tẹ̀, tiyín sì ni ìkeje. Á kọ́kọ́ gbẹ́ àwòrán náà sára pákó, tàbí kí ó jẹ́ kí ásíìdì jẹ ẹ́ sára irin pẹlẹbẹ. Á fi tàdáwà kùn ún, á tẹ́ bébà lé e, á sì tẹ̀ ẹ́. Bó bá fẹ́ tẹ òmíràn, àfi kó tún tàdáwà kùn. Nítorí náà, ojúlówó ni gbogbo mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Irú iṣẹ́ yìí ló sọ Bruce Onobrakpeya di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Inú mi máa ń dùn láti rán ará Oǹdó létí pé bàbá náà kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ní Ondo Boys' High School kí ó tó lọ kàwé ní Zaria ní 1957. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, àwòrán yọ sókè lára bébà bíi ti ilẹ̀kùn gbígbẹ́.

Síbẹ̀, ẹ yẹ tiyín wò. Ẹ fi kámẹ́rà fóònù sún mọ́ ọn dáadáa. Bí ẹ bá rí àmì tóótòòtó tó tò lẹ́sẹẹsẹ bíi ti kàlẹ́ńdà, ẹ̀rọ ńlá ilé ìtẹ̀wé ló tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà kò sì lè tún un ṣe.

Ti oníférémù ló ń bà mí lẹ́rù jù. Mo rí ọ̀kan ní Àkúrẹ́ níbí tó fi abẹ gé etí funfun àwòrán kan dànù kó lè bá férémù tó ní nílẹ̀ mu. Orúkọ ayàwòrán àti nọ́ńbà já sílẹ̀ sínú ìdọ̀tí pákó. Ó tún wá fi gọ́ọ̀mù lẹ ìyókù mọ́ páálí. Ó dùn mí dọ́kàn. Ẹ sọ fún tiyín pé kò gbọdọ̀ gé nǹkan kan, kò sì gbọdọ̀ fi gọ́ọ̀mù kàn án. Kí ó fi páálí tí a gé àárín rẹ̀ kí àwòrán lè hàn sáàárín bébà àti dígí kí wọ́n má fara kanra, torí ọ̀rinrin ìgbà òjò níbí máa ń mú kí bébà hu funfun, kó sì lẹ̀ mọ́ dígí. Ẹ má gbé e kọ́ sí ibi tí oòrùn ń ràn sí.

Bó bá sì ti lẹ̀ mọ́ dígí tó fọ́ yẹn, ẹ má fà á o. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ, kí ẹ pè mí kí ẹ tó gbé e kúrò nílé.