Ìbéèrè Yín: Ṣé Àbùdá Ìwúkàrà Ni Kí N Kọ́kọ́ Yí Padà?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, mo ń ṣe ìwádìí fún oyè kejì ní Gwagwalada, níbi tí mo ti ń fi ìwúkàrà sọ ṣúgà inú sítáàṣì ẹ̀gẹ́ di ẹ́tánọ́ọ̀lù (ọtí líle). Ṣúgà gíráàmù 60 ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nínú lítà kan; lẹ́yìn wákàtí 48, mo rí ẹ́tánọ́ọ̀lù gíráàmù 18, ṣúgà gíráàmù 15 sì ṣẹ́ kù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí àbùdá ìwúkàrà padà. Ṣé ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o. Bí a ṣe ń wọn iṣẹ́ ìwúkàrà ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́. Ṣúgà tí ó jẹ kì í ṣe 60 bí kò ṣe 45, nítorí náà ẹ́tánọ́ọ̀lù tí gíráàmù ṣúgà kan mú wá jẹ́ gíráàmù 0.40. Bí a bá sì ṣírò rẹ̀ ní ìlànà kẹ́mísìrì, gúlúkóòsì gíráàmù kan kò lè mú ju 0.51 lọ. Ìwúkàrà yín ti gba nǹkan bí ìdá 78 nínú 100 iye tó pọ̀ jù tó lè rí. Ìyókù lè ti di ara ìwúkàrà fúnra rẹ̀ tàbí gílísẹ́rọ́ọ̀lù, bí kò bá jẹ́ pé bakitéríà ti yọ́ wọlé wá jẹ nínú rẹ̀.

Wákàtí 48 yẹn ló ń kọ mí lóminú. Bí ẹ bá fi 48 pín 18, ẹ ó rí gíráàmù 0.375 ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n bí ìwúkàrà bá ti ṣíwọ́ ní wákàtí 20, 0.9 ni iye tòótọ́, àgbá iléeṣẹ́ yóò sì kàn wà lásán fún wákàtí 28. Ẹ máa bù díẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ wọn ṣúgà, ẹ́tánọ́ọ̀lù àti ìwúkàrà pọ̀. Ẹ má gbára lé ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn bí omi ṣe rú láti mọ iye ìwúkàrà, torí pé sítáàṣì náà máa ń mú omi rú díẹ̀. Ẹ kán mẹ́tílíìnì búlúù, ìyẹn aró kan, sí i, kí ẹ wò ó lábẹ́ máíkróskóòpù. Èyí tó bá ti kú yóò di aláwọ̀ búlúù, èyí tó wà láàyè kò ní gba àwọ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ pẹnisílìn, oògùn tó ń pa bakitéríà: ní ọdún 1943, ní ìlú Peoria ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí rí èso kan tó bu, wọ́n sì yọ ohun tó ń mú pẹnisílìn jáde láti ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìtànṣán yí àbùdá rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá wọn iye pẹnisílìn tí ìran kọ̀ọ̀kan mú jáde, kò sí bí wọn ì bá ti mọ èyí tó sàn jù.

Ẹ máa kọ ooru yàrá sílẹ̀ pẹ̀lú, pàápàá nígbà tí iná bá lọ nínú oṣù Kẹta. Ìwúkàrà kì í fẹ́ ooru tó ju 35°C lọ. Bí ó bá wá ń ṣíwọ́ nígbà tí ṣúgà ṣì kù, tí ooru, oúnjẹ àti ìkan omi rẹ̀ kò sì lẹ́bi, àkókò tó láti sọ̀rọ̀ àbùdá.